Ẹni Tó Ń Fi Igun Ojú Wo Bàbá Rẹ̀

Bí ẹ bá kó aṣọ lọ fún Aránṣọ tó wà nílé kẹta sí ìkángun òpópónà wa, tó bá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń fi igun ojú wò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bínú. Mo mọ obìnrin kan tó gba aṣọ rẹ̀ padà láìtíì gé e, tó ní òun ò lè kó aṣọ òun fún ẹni tó ń wo òun bí ẹni wo ìdọ̀tí. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ lu tábìlì, tó ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi ń wò mí báun?" Aránṣọ kì í jà. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú sí mi o, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn."

Irọ́ ni. Ọlọ́run kọ́ ló dá a bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run fún un ní ojú méjì tó mọ́lẹ̀ kedere, ó sì fi wọ́n ríran fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ju mélòó kan lọ, àwọn tó ń sọ ohun tí wọn ò mọ̀ sì kún ìta.

Bí Aránṣọ bá kọjú sí nǹkan gan-an, kì í rí i. Àmì dúdú kan wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì, ibi tó bá wò ni àmì náà ń bá a lọ. Bó bá wo aago ara ògiri, á rí ògiri, kò ní rí aago. Bó bá wo èèyàn lójú, á rí etí, á rí èjìká, imú àti ẹnu á di èéfín. Ìdí tó fi ń yí orí nìyẹn, kí ohun tó fẹ́ rí lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà. Níbi iṣẹ́, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó ta kókó òwú sára téèpù ìwọ̀n rẹ̀ ní ìnṣì márùn-ún márùn-ún, ìka rẹ̀ ló fi ń kà á. Ó mọ ojú aṣọ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ bó bá ti fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan. Fífi òwú sí abẹ́rẹ́ nìkan lọwọ́ ò ràn án níbẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ló sì ń bá a ṣe é. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ọmọ náà ní Abẹ́rẹ́. Ọmọ náà tín-ín-rín lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ara kékeré rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, adìẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e mì!"

Ọkọ Aránṣọ ń wa ọkọ̀ àjàgbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Nítorí náà àwọn mẹ́ta ló sábà ń wà nílé: Aránṣọ, Abẹ́rẹ́, àti bàbá Aránṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fíìmù.

Bàbá Fíìmù fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fọ fíìmù nílé ìwòsàn, àwọn fíìmù ńlá dúdú tí wọ́n fi ń ya eegun inú ara. Inú yàrá òkùnkùn ló ti ṣe iṣẹ́ náà, lábẹ́ iná pupa kékeré kan. Á ti fíìmù bọ inú oògùn, á yọ ọ́, á fi omi ṣàn án, á fi í kọ́ kó gbẹ. Dókítà á wá gbé e sókè síbi iná, á ní, "Ẹ wò ó, ibí yìí ló ti kán." Aláìsàn á dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò. Ta ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú òkùnkùn? Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago kan. Orúkọ ọkùnrin tó ń gé koríko ọgbà ni wọ́n kọ sí i lára. Bàbá Fíìmù gbé e wálé bẹ́ẹ̀, kò dá a padà, ó ní ojú ń ti òun láti sọ fún wọn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi jẹ́ èèyàn ńlá láyé rẹ̀. Ọjọ́ náà lọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀, tí ọ̀sán fẹ́ẹ̀ dòru, ó di ọdún mẹ́tàlélógún báyìí.

Kò sẹ́ni tó wọ ilé yẹn tí kò gbọ́ ìtàn ọjọ́ náà. Ẹni tó wá gba aṣọ gbọ́ ọ. Ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà gbọ́ ọ. Àrùn ọkàn ń bá bàbá náà fínra, bó bá gorí àtẹ̀gùn méjì á dúró mí, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, ohùn rẹ̀ á le koko. "Rédíò ní ká má wòkè! Jìnnìjìnnì bá gbogbo èèyàn. Èmi ni mo ní, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ mi nìyí! Mo kó fíìmù àtijọ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo gé e wẹ́wẹ́. Ìlà tí wọ́n tò síwájú ilé mi, ó kọ́ igun òpópónà! Onílé tí mò ń gbé ilé rẹ̀, ẹni tí kì í jẹ́ mi lóhùn bí mo bá kí i, ló wá ń bẹ̀ mí: 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà lọ́kan.' Ọ̀gá! Èmi! Ọmọ mi yìí ńkọ́? Èjìká mi ló wà. Àwọn yòókù ń wò ó fìrí fìrí, ọmọ tèmi tẹjú mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ṣẹ́jú!"

Bó bá dé ibẹ̀ yẹn, Aránṣọ á rántí nǹkan tó ń ṣe lẹ́yìnkùlé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí Bàbá Fíìmù kì í sọ, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Fíìmù eegun kì í gba èèyàn lọ́wọ́ oòrùn. Ó máa ń jẹ́ kí oòrùn ṣú lójú ẹni, kéèyàn rò pé wàhálà ti tán, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán tó ń jóni ń gba inú rẹ̀ wọlé. Inú ẹyinjú lọ́hùn-ún kò mọ ìrora, ó lè jóná kó má ké. Àwọn tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà rí àánú gbà nítorí pé fíìmù ò kárí: bí ẹnì kan bá ti wò ó díẹ̀, ẹnì kejì á já a gbà. Ọmọ onífíìmù nìkan ló ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò sẹ́ni tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń pariwo lábẹ́ rẹ̀ pé, "Tẹjú mọ́ ọn, ọmọ mi! Má ṣẹ́jú!" èjìká bàbá náà sì ń mì fún ẹ̀rín. Kò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ wo ló máa ní òun ò wò mọ́?

Lọ́jọ́ kejì, ó jí, ó wo ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀, ó ní, "Màmá, kí ló wà lójú yín?" Ìyá rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú. "Ṣé ó ti kúrò?" "Kò tíì kúrò." Ó tún nù ún. Ó nu ojú yẹn títí ó fi pọ́n, kó tó yé e pé ojú tòun kọ́ ni nǹkan wà.

Òun àti ọmọ náà dúró dè é ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dúró dè é oṣù kan, wọn ò sọ fún bàbá, nítorí wọ́n rò pé á lọ. Àmì náà ò lọ. Níléèwé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lójú ìwé. Ó lè rí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó lè rí ìparí rẹ̀, àárín á ṣófo. Bàbá rẹ̀, tó fẹ́ kí ọmọ òun kàwé kó má bàa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn bíi tòun, á mú un jókòó nírọ̀lẹ́, pàṣán á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ló kàn?" "Mi ò rí i, Bàbá." "O ò rí i? Ọ̀rọ̀ gàdàgbà tó tó báyìí! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Pàṣán á dún. Bó bá wá yí orí kó lè rí ọ̀rọ̀ náà, tàbí kó lè rí ojú bàbá rẹ̀, ìyẹn tún burú ju ti ìwé lọ. "Igun ojú lo fi ń wò mí? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni? Ojú lọ̀rọ̀ wà, kọjú sí mi!" Ọmọ náà á kọjú sí i. Ojú bàbá rẹ̀ á di èéfín, ìgbátí á sì jáde láti ibi tí kò rí.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá rẹ̀ ní orí rẹ̀ kò gba ìwé, ó mú un lọ síbi iṣẹ́ aṣọ. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá rẹ̀ tó yọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà náà tan iná kékeré sí i lójú, ó wò ó pẹ́, ó wá bèèrè ìbéèrè kan péré: "Ọmọ yìí, ṣé o ti wo oòrùn rí?" Kò sí gíláàsì tó lè ṣe é. Ibi tó jóná ti jóná.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sórí òkúta kan létí títì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá rẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́," ó wí. "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní. Bó bá gbọ́, kò ní í ní nǹkan kan mọ́." Aránṣọ ṣèlérí. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí ìyá náà ti kú, ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ láti dá gbé. Ká ní èmi ni, màá ti sọ ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́, kì í sì í ṣe bàbá tèmi.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn títí di ọdún tó kọjá, tí rédíò fi kéde pé òṣùpá tún máa bo oòrùn ní Ọjọ́bọ̀, kó tó di ọ̀sán.

Bàbá Fíìmù dìde lórí ibùsùn bí ọmọ ogún ọdún. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó fa àpò ìwé kan tó ti rún yọ. Fíìmù mẹ́rin ló kù níbẹ̀. "Abẹ́rẹ́! Wá wò ó! Ìwọ lo kàn! Èjìká tí ìyá rẹ gùn náà nìwọ máa gùn!"

Abẹ́rẹ́ fò sókè. Aránṣọ fi ẹsẹ̀ dá máṣíìnì dúró.

"Bàbá mi," ó wí jẹ́jẹ́, "wọ́n ní fíìmù eegun ò dáa fún ojú."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Rédíò ni."

"Àwọn ọmọ àná tó wà lórí rédíò! Ṣé wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí? Odidi òpópónà ló fi fíìmù mi wo oòrùn. Ta lojú ẹ̀ fọ́? Dárúkọ ẹnì kan péré fún mi!"

Bí Aránṣọ bá sọ òtítọ́, ó lè pa bàbá rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ojú Abẹ́rẹ́ ńkọ́?

"Kò sí," ó wí.

"Ṣé o rí i!" ni Bàbá Fíìmù wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Gbogbo òru ọjọ́ náà ni Aránṣọ kò fi sùn, ìyẹn mo mọ̀ nítorí pé ó sọ fún mi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ bá Tíṣà, obìnrin tó máa ń gbé yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé wá rán. Tíṣà ní, "Má wulẹ̀ jẹ́ kó wòkè rárá. Fíìmù eegun, gíláàsì dúdú, omi inú abọ́, kò sí èyí tó dáa níbẹ̀. Ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ jẹ́ kó wá bá yín nínú yàrá." Ó wá ṣàlàyé fún un: kó mú dígí kékeré, kó fi páálí bò ó, kó gé ihò tó fẹ̀ tó bọ́tìnnì sí páálí náà. Kó gbé dígí náà sẹ́yìnkùlé níbi tí oòrùn ti ń ràn, kó darí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Oòrùn á yọ lára ògiri. Ògiri yẹn nìkan ni kí wọ́n wò, wọn ò gbọ́dọ̀ wo dígí, wọn ò sì gbọ́dọ̀ wo oòrùn fúnra rẹ̀.

Yàrá tó ṣókùnkùn! Bí Aránṣọ ṣe gbọ́ ìyẹn ló mọ ohun tó máa ṣe. Ó sáré délé. "Bàbá mi, ẹ gbà mí o. Yàrá òkùnkùn ni wọ́n ní ká ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló mọ̀ ọ́n jù yín lọ?"

Ọgbọ́n ni, mi ò purọ́, ọgbọ́n tó dáa sì ni. Bàbá Fíìmù gbé ara ńlá wọ̀. Ó ní kí wọ́n kó aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kóòtù wá, ó kàn án mọ́ fèrèsé, ó dá àlàfo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sí láàárín. Ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró nínú òkùnkùn, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò. "Ibẹ̀ yẹn ń jò! Abẹ́rẹ́, mú àkísà wá! Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, fíìmù ì bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín!" Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Aránṣọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látorí máṣíìnì, ó ń rò ó pé bóyá Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun.

Ọjọ́bọ̀ pé. Aránṣọ gbé dígí rẹ̀ sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó fi àfọ́kù bíríkì tì í, ó kẹ̀yìn sí oòrùn, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí Abẹ́rẹ́ fi ké láti inú ilé pé, "Ó ti dé! Màmá, ó ti dé!" Nígbà tó wọlé, oòrùn wà lára ògiri lóòótọ́, róbótó, ó tó ẹnu ife. Bàbá Fíìmù jókòó sórí àga, ó gbé Abẹ́rẹ́ sítan.

"Bàbá àgbà, ẹ wò ó, wọ́n ti bù ú jẹ!"

"Òṣùpá ni. Ó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá."

"Kò tọrọ àyè?"

"Òṣùpá kì í tọrọ àyè," bàbá àgbà wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ yí orí, ó fi igun ojú rí i, oòrùn kékeré kan tí wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ti ìdùnnú ni. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, Màmá, ẹ wò ó, mo ti mú ìlérí tí mo ṣe fún yín ṣẹ.

Ẹni tí kò bá mọ oòrùn ló máa rò pé ó ń dúró sójú kan. Àwòrán náà ń rìn lára ògiri díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́ sá wọ igun yàrá. Aránṣọ jáde lọ yí dígí. Níta, ìmọ́lẹ̀ ti dín kù, ó ti rí bí ìrọ̀lẹ́. Àwọn aládùúgbò ń hó lójú pópó. Ó yí dígí náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Abẹ́rẹ́, ó ti dáa báyìí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó tún pè. Ó sáré wọ yàrá. Oòrùn wà lára ògiri, ó ti kù tín-ín-rín bí èékánná, àga sì ṣófo. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti iwájú ilé, ohùn tó le koko yẹn, ohùn ọdún méjìlélógún sẹ́yìn:

"Tẹjú mọ́ ọn, ọmọ mi! Má ṣẹ́jú!"

Yéè! Bó ṣe la pálọ̀ kọjá, kò mọ̀. Bàbá Fíìmù dúró níwájú ilé, ó ń mí gúlegúle, Abẹ́rẹ́ wà léjìká rẹ̀, ó na fíìmù síwájú ojú ọmọ náà. Ọmọ náà ń wá ibi tí oòrùn wà kiri, "Ibo ló wà, Bàbá àgbà? Mi ò tíì rí i." Aránṣọ gbá fíìmù náà dànù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lójú, ó já a gbà lórí èjìká, ó tì í wọlé. "Lọ wo ògiri! Má jáde!"

Bàbá Fíìmù dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sókè. Àwọn aládùúgbò ti yíjú. Ojú tì í níwájú wọn, ìtìjú yẹn ló sì di ìbínú.

"O gbá mi lọ́wọ́? Èmi bàbá rẹ? Abẹ́rẹ́ fẹ́ rí i lójúkorojú, ìwọ ní ògiri ni kó máa wò! Láti kékeré lo ti ń fojú di mí. Láti kékeré! Wò ó, ó tún ti ń fi igun ojú wò mí! Ojú lọ̀rọ̀ wà! Kọjú sí mi, kí o wò mí bí ọmọ ṣe ń wo bàbá rẹ̀!"

Aránṣọ kọjú sí i.

"Mo ti kọjú sí yín, Bàbá," ó wí. "Mi ò rí yín."

"Kí lo wí?"

"Mo rí etí yín. Mo rí kọ́là aṣọ yín. Mi ò rí ojú yín. Bí mo bá kọjú sí yín, mi ò kì í rí ojú yín, láti ọjọ́ tí mo ti wà léjìká yín."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló ti fẹ́ kó o padà. Bàbá Fíìmù gbé ọwọ́ sókè síwájú ojú ọmọ rẹ̀. "Ìka mélòó nìyí?"

Ó lè yí orí. Ì bá yí orí, ì bá sọ fún un pé mẹ́ta ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Kò yí i. Irọ́ náà ti sú u.

"Mo rí ọrùn ọwọ́ yín," ó wí.

Bàbá Fíìmù rọra jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mọ eegun tó kán àti eegun tó sàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sídìí láti ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá rẹ mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Ìwé yẹn," ó wí. "Ìwé kíkà yẹn, nírọ̀lẹ́."

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

"Mo bi ọ́ pé ṣé ojú ẹ fọ́ ni. Mo fi ẹnu ara mi bi ọ́. Ó fọ́, o sì dákẹ́."

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Mo nà ọ́."

"Ẹ ò mọ̀."

"Mo nà ọ́ nítorí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe." Ó gbé orí sókè. "Kí ló dé tí o ò fi sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà? Kí ló dé tí o ò sọ pé kí n sọ ọ́ kalẹ̀?"

Aránṣọ jókòó tì í. Ó ronú, kò rí irọ́ kankan tó dáa tó òtítọ́. "Inú yín ń dùn," ó wí. "Mi ò rí i kínú yín dùn báyẹn rí."

Abẹ́rẹ́ ń ké nínú ilé pé, "Màmá! Bàbá àgbà! Oòrùn ti ń padà! Ẹ wá wò ó!" Kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ padà sórí òrùlé, ó padà sójú pópó, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n túká síbi iṣẹ́ wọn. Bàbá Fíìmù fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún, kì í ṣe bí àgbà ṣe ń sunkún, ó ké bí ọmọdé. Ọmọ rẹ̀ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́.

Ojú Abẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan, a dúpẹ́. Bàbá Fíìmù náà ò kú, bí ìyá Aránṣọ ṣe bẹ̀rù. Ó ń jẹun, ó ń lo oògùn ọkàn rẹ̀. Bó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í dúró níwájú rẹ̀ mọ́, ó máa ń wá sí ẹ̀gbẹ́, á tẹ̀ síbi tí ojú ọmọ náà ti lè rí i, á wá sọ ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò pọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo wà níbẹ̀, Tíṣà wá gba yúnífọ́ọ̀mù. Kò mọ nǹkan kan. Ó fẹ́ dá bàbá náà lára yá, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fún gbogbo òpópónà ní fíìmù nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní ìlà náà kọ́ igun. Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Fíìmù wo ilẹ̀. "Mi ò sí níbẹ̀," ó wí.

Máṣíìnì Aránṣọ dúró. "Ẹ wà níbẹ̀, Bàbá mi," ó wí. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá. Onílé bẹ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ fún Tíṣà."

"Mi ò sí níbẹ̀, ọmọ mi."

Kò sọ ọ́ mọ́ títí di òní. Aránṣọ sì sọ fún mi, kò sì fi ṣàwàdà, pé bí wọ́n bá ní kí òun fi ìwọ̀nba ojú tó kù fún òun sílẹ̀, kí òun lè gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu bàbá òun lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á fi í sílẹ̀.